Iwin Tó Ń San Gbèsè

Nínú gbogbo iwin tí mo ti bá pàdé nínú ìwé àwòrán, èyí tó ń san gbèsè ló ń bà mí lẹ́rù jù. Èyí tó ń ké, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀, kì í pẹ́ tí ojú fi máa ń mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iwin tó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, tó ka owó lé wọn lọ́wọ́, tó ní "ẹ ṣeun o" kó tó máa lọ, ibo lèèyàn fẹ́ bá a jà sí?

Ẹ mọ ìtàn tí mò ń sọ. Amos Tutuola, òǹkọ̀wé ọmọ Ẹ̀gbá tiwa l'Abẹ́òkúta níbí, fi í sínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tó jáde ní 1952, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá wa ti ń pa á lálọ́ ṣáájú ìgbà náà. Ọkùnrin kan wọ ọjà, ẹwà rẹ̀ ò láfiwé. Ọmọge kan tó ti kọ gbogbo ọkọ rí i, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà igbó, ọkùnrin yà, ó dá ẹsẹ̀ tó yá padà, ó san owó ìyálò. Wọ́n rìn síwájú, ó dá ikùn àti àyà padà, ó sanwó. Ó kan apá, ó kan ọrùn, ó kan awọ ara, títí tó fi ku agbárí lásán tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀.

Kò sí ibì kankan tó ti jalè. Ó yá nǹkan, ó lò ó, ó dá a padà pẹ̀lú owó. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rù sá pa mọ́ sí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Nínú ìtàn yìí, ẹ̀rín ló ṣáájú. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rín in tán lẹ ó tó rántí pé ọmọge yẹn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Mo ti ń ya ìtàn náà sí kọ́míìkì láti ọjọ́ pípẹ́, ọjà Lafẹ́nwá ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ìyá arúgbó kan ló ń fi ẹsẹ̀ yáni. Ó to wọ́n sórí ẹní ní méjì-méjì, bí ẹni pàtẹ bàtà. Ọkùnrin dá tirẹ̀ padà, ìyá gbà á, ó dojú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń fi èékánná yọ ẹrẹ̀ tó há sábẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ní, "O ti gba inú ẹrẹ̀ o." Ọkùnrin ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ gba owó ọṣẹ." Lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn wọn, ní kékeré, ọmọge ń wo rélùwéè tó ń kọjá.

Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá dákẹ́, ó tún ìwé náà wò. "Dúró ná. Ẹsẹ̀ àwọn ta ni ìyá yìí pàtẹ?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo ti ń fi gbogbo tádàwà mi wá. Mi ò dá a lóhùn, ìwé náà ò sì ní dáhùn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ irú ẹ̀rín yìí dáadáa. Ní 1950, EC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì tí William Gaines ń darí, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé adẹ́rùbani Tales from the Crypt jáde. Arúgbó kan tó rí bákan ló máa ń kí òǹkàwé káàbọ̀, tó ń fi ikú dápàárá kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Iwin tó mọ ìkíni nìyẹn. Ní 1954, Gaines lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin àgbà wọn, tó ń wádìí ohun tí kọ́míìkì ń ṣe fún ọmọdé. Sẹ́nétọ̀ Estes Kefauver gbé èèpo ìwé kan sókè: ọkùnrin kan mú àáké, ó di orí obìnrin tí wọ́n ti gé mú. Ó bi í bóyá ohun tó bójú mu nìyí. Gaines ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ìwé adẹ́rùbani. Ó ní èyí tí ì bá burú ni ká ní wọ́n gbé orí náà ga sí i díẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á fi máa hàn bó ṣe ń kán láti ọrùn.

Ìdáhùn yẹn kó bá a gan-an. Lọ́dún yẹn kan náà làwọn oníkọ́míìkì gbé òfin Comics Code kalẹ̀ fún ara wọn: kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ "horror" tàbí "terror" lórí àkọlé, òkú ò gbọdọ̀ rìn. Gaines pa àwọn ìwé adẹ́rùbani rẹ̀ tì. Síbẹ̀, lójú èmi tí mò ń yàwòrán, òótọ́ iṣẹ́ ló sọ. Ibi téèyàn gbé orí náà ga dé ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú tèmi, aṣọ àǹkárá ni mo fi bo ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti já, ẹ̀jẹ̀ kan ò sí níbẹ̀.

Junji Ito, ayàwòrán kọ́míìkì ará Japan, mọ èyí náà. Nínú Uzumaki rẹ̀, bàbá kan ń kó gbogbo ohun tó bá ká bí ìkarahun ìgbín jọ, ó ń wò wọ́n láìjẹ láìmu. Ó pani lẹ́rìn-ín, àfìgbà tí wọ́n bá a níbi tó ti ká ara rẹ̀ roboto sínú agbada onígi. Sinimá á sáré gbé irú ẹ̀ kọjá fún yín. Kọ́míìkì ò ní ṣí ara rẹ̀. Ọwọ́ yín lẹ ó fi ṣí i, ẹ ó sì dúró níbẹ̀ bó bá ṣe wù yín tó.

Àwọn kan ní irú èyí ò yẹ ọmọdé. Fún ọmọ kékeré, mo gbà, màá sì kọ ọ́ gàdàgbà sára èèpo rẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má sọ pé nǹkan àjèjì ni. Àwa táa gbe orin agbárí yẹn nígbà àlọ́ ṣì wà láyé.

Ẹni tó fi awọ ojú yáni nìkan ló kù tí mi ò tíì yà. Mo ti mọ irú ẹni tó máa jẹ́: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ agbádá tó le gbagidi, tó fi gèlè ìyá rẹ̀ wé ojú mọ́lẹ̀, tó ń bínú pé wọ́n ti dá òun dúró jù, pé ìnáwó tí òun fẹ́ lọ ní Aké ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun lójú òun.