Òkú Ògbómọ̀ṣọ́ Tí Màámi Lọ Sin

Màámi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìnáwó kékeré. Ọdún tí mo wọ yunifásítì ló ti ń ka àwọn tí yóò fún láṣọ ẹbí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ìgbà tó kà á kẹ́yìn, wọ́n ti di 280, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn alápatà Bódìjà tó ń rà ẹran lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ríṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní ọkọ tó bá fẹ́ tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ mú ìwé ìgbéyàwó wá, mo ro owó tó wà ní báńkì, mo ro orí 280, mo ní ká yọ́ lọ ṣe é ní kóòtù. Tówó bá dé lẹ́yìn ọ̀la, a ó tún un ṣe lójú ayé, Màámi ò sì ní mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì ni. Àwọn àna mi ní Ìlọrin náà ò gbọ́dọ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn ṣá. Bàbá mi ti kú tipẹ́, Àǹtí mi wà nílé ọkọ ní Abẹ́òkúta, èmi àbígbẹ̀yìn nìkan ló kù nílé pẹ̀lú Màámi ní Mọ́kọ́lá. Tí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá a jẹun alẹ́? Ta ni yóò máa jà sí i pé ó ń pa iná tẹlifíṣọ̀n nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́? Ojú rẹ̀ ni mi ò lè sọ ọ́ sí. Mo mọ̀ pé ẹkún ló máa bú sí.

Ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù rí mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tó ṣeé fi pa mọ́ tán. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á lẹ orúkọ yín mọ́ pátákó ìta fún ọjọ́ 21, kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè wá wí tẹnu rẹ̀. Ọjọ́ 21, nínú Ìbàdàn yìí, níbi tí onímáíkírà á ti gbé ọ tán kó tó sọ fún ọ pé òun mọ ìyá rẹ! Ní ọjọ́ kẹrin, ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ wò ó. Mo wòkè, mo wolẹ̀, mi ò rí orúkọ wa. Ìgbà tó yá ni mo rí igun ìwé wa tó yọrí lábẹ́ ìwé mìíràn. Wọ́n ti lẹ tẹni ẹlẹ́ni lé tiwa lórí. Inú mi dùn débi pé mo fi àtàǹpàkò tẹ ìwé onítọ̀hún mọ́ pátákó dáadáa, kó má baà ṣí. Mi ò ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ọjọ́ pé. Mo jí, mo bá Màámi níwájú díńgí, ó ń wé gèlè lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní òun ń lọ síbi òkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá ọ̀rẹ́ òun kan ló kú. Léèsì tó wọ̀ ń kọ mànà.

Mo ní, “Màámi, aṣọ òkú yìí mà dán o.”

Ó ní, “Àgbà òkú ni. Ayọ̀ la fi ń sin ín. Ìwọ náà ńkọ́, ibo lò ń gbé kóòtù wọ̀ lọ?”

Kóòtù tí mo wọ̀ lọ sí kóòtù ló ń béèrè. Mo ní ìpàdé la ní níbi iṣẹ́. Ó yẹ̀ mí wò lókè délẹ̀, ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà owó ọkọ̀, ó ní kí n má kánjú bọ̀. Èmi náà ní kí ó má kánjú bọ̀, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ jìn. Báyìí ni a ṣe dágbére, tí inú oníkálukú ń dùn pé òun ti rí ọ̀nà tan ẹnì kejì jẹ.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìyàwó mi ti jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú aṣọ funfun, ó di òdòdó mú bí ẹni di abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná mú. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń béèrè. Ọ̀kan ti dé. Ìkejì ń pè wá láti Ìwó Róòdù pé sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ò jẹ́ kí òun rìn, mo sì ń gbọ́ tí ẹnì kan ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa la wà lórí ìyẹn tí akọ̀wé kan yọrí síta, ó pe orúkọ ìdílé wa.

Mo fò dìde. “Èmi nìyí, sà!”

Lẹ́yìn mi, obìnrin kan dáhùn: “Àwa rèé o!”

Mi ò tíì yíjú tí ẹsẹ̀ mi fi ń gbọ̀n. Ohùn tó ti ń jí mi fún àdúrà aago márùn-ún ìdájí láti kékeré, ṣé mo lè ṣì í mọ̀?

“Àjàní!”

“Màámi!”

“Kí lò ń ṣe níbí?”

“Ìpàdé ni, mà.”

“Ìpàdé wo? Pẹ̀lú òdòdó láyà?”

“Òkú Ògbómọ̀ṣọ́ wá ńkọ́, mà?”

“A ti sin ín.”

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì kọjá dáadáa o.

Ìyàwó mi ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ funfun. Èmi náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àfìgbà tí mo rí ọkùnrin tó dúró ti Màámi nínú aṣọ léèsì kan náà. Tíṣà ni. Tíṣà wa ní kíláàsì kẹrin, ẹni tó nà mí títí mo fi mọ tébù! Ọwọ́ mi méjèèjì sá lọ sẹ́yìn fúnra wọn. Ó hàn pé òun náà ò mọ ohun tí yóò sọ, ló bá ní:

“Àjàní. Méje lọ́nà mẹ́jọ?”

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sà!”

“Ó dáa.” Ó yíjú sí Màámi. “Àbẹ̀kẹ́, fara balẹ̀ ná.”

Àbẹ̀kẹ́! Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti lọ, mi ò gbọ́ kí ọkùnrin kankan fi oríkì pe Màámi rí. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n ká mọ́. Màámi sì rẹ́rìn-ín músẹ́! Ẹ̀rín tí mi ò rí rí.

Wọ́n kó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Màámi ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá mi, akọ̀wé tó to fáìlì sì ti rò pé ẹjọ́ kan náà ni. Ọ̀gá tó fẹ́ so wá pọ̀ ṣí fáìlì, ó kà á: “Ọkọ, ọmọ ọdún 31. Ìyàwó, ọmọ ọdún 62.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí, ó wo Màámi, ó tún wò mí pẹ̀lú àánú.

“Ìfẹ́ ni, àbí?”

“Orí mi ò ní gbàbọ̀dè!” Màámi ti ká ọwọ́ lérí. “Mo bí i ni!”

Ọ̀gá yára ṣí fáìlì kejì. Ìyàwó mi àti Tíṣà ló bá níbẹ̀. Tíṣà tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó ní kì í ṣe pé ọmọ náà ò dára o. Màámi wò ó. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi to ìwé náà tán.

Ibi tí wọ́n ti ń to ìwé yìí ni a ti ráyè bá ara wa sọ̀rọ̀. Màámi ní ẹ̀rù ló ń ba òun, pé n óò sọ pé òun ti gbàgbé bàbá mi. Mo ní èmi náà, ẹ̀rù ló ń bà mí pé ẹ máa sunkún tí mo bá ní mò ń lọ sílẹ̀ òkèèrè.

“Ẹkún?” ni Màámi wí. “Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbàdúrà kó o kúrò nílé. Yàrá rẹ ni Tíṣà fẹ́ kó ìwé rẹ̀ sí.”

Mo bi Tíṣà bí ìwé tiwọn ṣe wà lára pátákó tí mi ò rí i. Ó ní òun fúnra òun ló dúró ti akọ̀wé nígbà tó ń lẹ̀ ẹ́. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣi “bátṣẹ́lọ̀”, ìyẹn àpọ́n, kọ, ojú òun ò lè gbà á, òun ní kí wọ́n fi tiwọn bò ó mọ́lẹ̀.

Ìwé mi ni. Àtàǹpàkò tí mo fi tẹ ìwé Màámi mọ́ pátákó ṣì wà lọ́wọ́ mi yìí.

Ẹlẹ́rìí Màámi kan náà ò tíì dé, nítorí náà a yá ara wa. Màámi fọwọ́ síwèé fún mi, èmi náà fọwọ́ síwèé pé ojú mi ló ṣe nígbà tí ìyá mi lọ́kọ. Ó ku kí wọ́n kó ìwé fún wa ká máa lọ. Tíṣà gba tiwọn, ó kà á, ó di ojú méjèèjì pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lè mí, ó ti yọ bírò pupa nínú àpò, ó ti fa ìlà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

“Bàbá! Ìwé ìjọba ni!”

“Sípẹ́lì ò mọ ìjọba,” ni Tíṣà wí. Wákàtí kan ààbọ̀ la fi dúró kí wọ́n tó tẹ òmíràn fún un.

A wọ máíkírà kan ṣoṣo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àmàlà. A ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tí Àǹtí pe Màámi láti Abẹ́òkúta. Màámi kì í gbé fóònù sétí, ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ kó máa ké síta.

“Màámi, ẹ ti dé Ògbómọ̀ṣọ́?”

“A ti dé o. Òkú ti wọlẹ̀. A ń jẹun ni.”

Àfi Tíṣà, tí ojú rẹ̀ wà nínú abọ́: “Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣàkì rẹ rèé.”

Gbogbo wa dákẹ́.

“Màámi, ta nìyẹn?”

Màámi na fóònù sí mi.

“Èmi ni, Àǹtí mi.”

“Àjàní? Ìwọ lò ń pe Màámi ní Àbẹ̀kẹ́? Ṣé o ti mutí ni? Kí lo tiẹ̀ wá ṣe níbi òkú, ṣebí ìpàdé lo sọ fún mi pé ẹ ní?”

Mo wo Màámi. Màámi wo gbẹ̀gìrì. Tíṣà, tí kò mọ irọ́ í pa láyé rẹ̀, ṣàánú wa. Ó nu ọwọ́, ó gba fóònù, ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Èmi ni òkú náà.”