Agbo ilé wo ló ti wá?

Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi bá fáìlì XML kan, fáìlì tí a fi àmì tó ní orúkọ to dátà sínú rẹ̀, wọ̀yá ìjà lálẹ́ àná. Gbogbo orúkọ inú rẹ̀ ló bá schema (ìwé òfin tó sọ bí fáìlì náà ṣe gbọ́dọ̀ rí) mu, síbẹ̀ validator, ètò tó ń fi schema yẹ fáìlì wò, taku pé òun kò retí «owó» níbẹ̀. Owó tí mo ń fi ojú mi méjèèjì rí nínú schema!

Àṣé orúkọ nìkan kò tó. Àìná ilé Jagun kì í ṣe Àìná ilé Balógun. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ inú XML ṣe ní agbo ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní namespace. xmlns, àmì tó ń dárúkọ agbo ilé, tí mo kọ sókè fáìlì ti kó gbogbo ọmọ inú rẹ̀, títí kan «owó», wọ agbo ilé kan. Schema ní tirẹ̀, níwọ̀n bí n kò ti kọ elementFormDefault (ìlà tó ń sọ bóyá àwọn ọmọ inú ní agbo ilé) sí i, gbà pé àwọn ọmọ inú kò ní agbo ilé rárá. Mo kọ ọ́ sí i, mo fún un ní "qualified", ìyẹn ni pé wọ́n ní agbo ilé. Validator gbà á lójú ẹsẹ̀. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi ta jí.