Verdi Wọ Ibi Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Kubwa

Àwọn tó ń gba orin ńlá òyìnbó sílẹ̀ sínú àwo, mi ò rò pé ẹnì kankan nínú wọn ti gbé Kubwa rí. Bí wọ́n bá ní kí kúáyà rọra kọ ọ́, wọn á rọra kọ ọ́ débi pé àfi ẹni tó bá ń gbé inú kànga ló lè gbọ́. Ní àdúgbò wa ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ló ń kọ béèsì, ẹ̀rọ tó ń lọ ata ló ń kọ ténọ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ò ríbi dúró sí.

Èmi ni mo máa ń kọ̀wé nípa àwo tuntun sínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò sówó ńbẹ̀ o. Sátidé ọjọ́ yẹn, Requiem ti Verdi, ará Ítálì kan tó kọ orin ńlá láyé àtijọ́, ló kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orin yìí, ẹ mọ̀ pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀: sẹ́lò (gòjé ńlá tí wọ́n ń jókòó ta) díẹ̀, kúáyà ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ imú. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí Dies irae tó dé, ìyẹn Ọjọ́ Ìbínú, tí gbogbo wọn á figbe ta pa pọ̀. Verdi fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé orin pé kí wọ́n fa okùn ìlù ńlá náà le, kó lè dún gbẹ, kó sì dún gidi.

Mo tan sípíkà kékeré mi, mo tẹ fóònù. N ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe wọn. Mo fi ohùn kún un, mo tún fi kún un, títí tí kò fi ní ibi tó ń lọ mọ́. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ti jẹ́jẹ́ jù.

Àṣé sípíkà Ìyá Bíọ́lá, aládùúgbò wa, ni Bluetooth fóònù mi lọ so mọ́. Mo ti bá wọn fi kọrin níbi ọjọ́ ìbí kan rí, fóònù ò sì gbàgbé. Sípíkà yẹn ga dé ìgbáròkó mi. Ọjọ́ yẹn gan-an làwọn àna Bíọ́lá ti Ogbómọ̀ṣọ́ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ariwo ẹ̀rín àti àwo oúnjẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Verdi. Bàbá àgbà kan wá dìde láti gbàdúrà, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Bàbá ní, "Olúwa á dá wa lóhùn!"

GBÀÀ!

Mo gbọ́ ọ láti ìhà kejì ògiri. Inú mi tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn, mo ní àṣé ẹlòmíì náà fẹ́ràn Verdi ní Kubwa! Kúáyà ń pariwo ní èdè Látìn, àwọn àna ń pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo sáré.

Fìlà kan wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìyá ọkọ di mọ́ínmọ́ín kan mọ́yà, ewé ẹ̀ ti fà ya. Ìyá Bíọ́lá ti yọ okùn sípíkà lára ògiri.

"Bàbá Dàmọ́lá, orin kí lèyí?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ń fa ọmọ fọ́kọ pé orin ìsìn òkú ni?

"Orin ìyìn ni, mà."

"Irọ́ ni," ni bàbá tó ń gbàdúrà wí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Àṣé ọ̀gá akọrin ni wọ́n nígbà ayé iṣẹ́ wọn. "Verdi nìyẹn. Manzoni, òǹkọ̀wé ará Ítálì, ló kú tó fi kọ ọ́. Ní Milan ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, May 22, 1874, ọjọ́ tí olóògbé pé ọdún kan."

Ojú ìyá ọkọ yí padà. "Ta ni Manzoni? Ẹbí ìyàwó kú, ẹ ò túfọ̀ fún wa?"

Bàbá ò dá wọn lóhùn. Wọ́n kọjú sí mi: "Ṣùgbọ́n wọ́n sáré jù, ọmọ mi. Ta ló darí wọn?"

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Mo ní eré yẹn dáa, wọ́n ní kò dáa. Alága ìdúró bu owó ìtanràn lé àwa méjèèjì, a san án, a sì ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Títí tí wọ́n fi gé kéèkì, ìyá ọkọ ṣì ń bi ẹni tó jókòó tì wọ́n bóyá wọ́n ti sin Manzoni.