Ọjọ́ Mélòó Ni Ọmọ Náà?

Ìwọ́ ló ṣáájú ọmọ náà jáde, kò sì ké nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó pé wákàtí mẹ́wàá, mo gbé ẹnu ẹ̀rọ ultrasound lé àwùjẹ̀ rẹ̀, ibi rírọ̀ tó ń mí ní àtàrí, mo wo ọpọlọ rẹ̀ títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀, mo ní, “Ìyá ìkókó, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan.” Ní ọjọ́ kẹrin, gìrì kò tíì dá. Mo tún un wò. Thalamus méjèèjì, apá kan tó wà ní àárín gbùngbùn ọpọlọ, ti funfun báláú, àmì pé wọ́n ti fara pa. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn ní, “Dókítà, àbí ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́sí ni?”

Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Èmi ni ẹnu mi yá jù.

Ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí ọ́síjìn bá wọ́n ọpọlọ ọmọ tuntun, kì í ṣe ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bàjẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù á dà bí ẹni pé wọ́n ti yè nígbà tí ẹ bá fún ọmọ ní afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ agbára á tún tán nínú wọn. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé níbi tí wọ́n ti ń mú ara ọmọ tutù láti dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ògiri amọ̀ tí omi ti wọ ìdí rẹ̀ ni: ó ṣì nàró lónìí, ọ̀la ló máa wó. Ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, ògiri tó dúró ló máa rí.

Tí òbí bá rówó MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, láti ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni àwòrán diffusion, èyí tó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ, ń fi ibi tó bàjẹ́ hàn jù. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, àmì náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, láìjẹ́ pé ọpọlọ san. Tí wọ́n bá sì ti mú ọmọ tutù, píparẹ́ yẹn á tún pẹ́ sí i. Nítorí náà, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ má fi diffusion rẹ̀ tu òbí nínú. T1 àti T2, oríṣi àwòrán MRI méjì mìíràn, ni kí ẹ wò. Nínú T1 ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, ẹ ó rí ìlà kan tó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn internal capsule, ọ̀nà tí àṣẹ ìrìn ń gbà kọjá. Tí ìlà yẹn bá ti pòórá, ìrìn ọmọ náà wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ìlà rẹ̀ kò tíì dé ni. Ẹ má dá a lẹ́bi.

Ibi tó bàjẹ́ náà máa ń sọ ìtàn ìbímọ. Tí ìwọ́ bá yọ tàbí tí ilé ọmọ bá ya, tí ọ́síjìn gé lójijì, inú ọpọlọ lọ́hùn-ún ló ń kàn: thalamus àti putamen, tó wà nítòsí rẹ̀. Tí ìrọbí bá pẹ́, tí ọ́síjìn ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ibi ààlà láàárín agbègbè òpó ẹ̀jẹ̀ kan àti èkejì ló ń jìyà, bí omi ẹ̀rọ ṣe máa ń kọ́kọ́ gbẹ nílé tó wà ní ìparí páìpù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ má gbàgbé ibà pọ́njú ọmọ tuntun (jaundice). Globus pallidus, tó fara ti putamen, ni tirẹ̀ ń bà jẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kan putamen. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tó jẹ́ “kò ké” nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìgbà tí mo bi ìyá àgbà ni mo tó gbọ́ pé kámfọ̀ ni wọ́n fi sáàárín aṣọ ìkómọ. Ọmọ tí kò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, kámfọ̀ á fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú á pọ́n, ọpọlọ á sì fara gbá. Ẹ máa bi ìyá àgbà léèrè. Wọ́n mọ ohun tí kò sí nínú fáìlì.

Ẹ má fojú tín-ín-rín ultrasound, òun ló sábà máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí jẹ́ẹ̀lì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó fi kan orí ọmọ. Fún MRI, kí ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú yó, kí ẹ wé e dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn á sùn láìsí oògùn.

Wákàtí tí ọmọ ti lò láyé ni mò ń kọ sí ìlà àkọ́kọ́ èsì mi nísinsìnyí, kí n tó kọ ohun tí mo rí. Fún ìyá, ohun tí mò ń sọ ni pé, “Ìyá ìkókó, a ti wò ó tòní. Ọjọ́ kẹrin, a ó tún un wò.”