Fíìmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ka ìwé tán kó tó wo fíìmù ẹ̀, ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ jẹ́ n rojọ́ tèmi. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kàwé, bí adájọ́ lẹ ṣe máa jókòó síwájú tẹlifísàn, "wọ́n ti yọ ibí yìí, ọmọbìnrin yẹn ò rí báyìí nínú ìwé," títí fíìmù á fi parí ẹ ò ní gbádùn nǹkan kan. Èmi, fíìmù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, tí mo bá wá ń ka ìwé, mo ti mọ ojú, mo ti mọ ohùn, ohun tí fíìmù fò ló kù tí mò ń wá kiri.

Ibi tí mò ń gbé náà wà lára ẹ̀ o. Ní Kábà níbí, ìwé ilé ìwé, Bíbélì àti ìwé orin ló kún ṣọ́ọ̀bù ìwé, tó bá jẹ́ nófẹ́ẹ̀lì, àfi kẹ́nì kan bá mi rà á n'Ìbàdàn tàbí Ìlọrin kó wéébììlì ẹ̀ wá. Fíìmù ní tiẹ̀, dátà lásán ló ń fẹ́, ó ń jẹ ẹ́ gan-an ṣá.

Ẹ wo Ṣaworoidẹ. Fíìmù Túndé Kèlání jáde ní 1999, ẹ̀yìn ẹ̀ ni ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ta ló wá sọ pé ìwé ló gbọ́dọ̀ ṣáájú? Nígbà tí mo kà á, gbogbo ibi tí ìlù ṣaworoidẹ yẹn bá ti dún lójú ìwé ni mò ń gbọ́ ọ. Ó Le Kú, ìwé ẹ̀ ti wà láti 1974, 1997 ni Kèlání ṣe fíìmù ẹ̀, ìró kúkurú àti bùbá ọlọ́wọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin yẹn wọ̀ sì tún gbòde débi pé Oléku ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Ìwé ò lè ṣe ìyẹn fún télọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Elesin Oba tí Biyi Bandele ṣe, tó gbé e jáde látinú eré Ṣóyínká, Death and the King's Horseman, ti 1975. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ̀yọ́ láyé òyìnbó ló wà nídìí ẹ̀. Bandele kú ní oṣù kẹjọ 2022, kò dúró rí i kó jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ sì le bí ojú ẹja, fíìmù wá gbé e padà sí Yorùbá. Èmi àti Ìyé mi, ìyẹn ìyá mi, la jọ wò ó lórí fóònù. Ọdúnladé Adékọ́lá tó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, ẹlẹ́ṣin ọba tó gbọ́dọ̀ bá ọba tó wàjà lọ, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè é, àfìgbà tí ọkùnrin tó ń lọ sọ́run lóru ọjọ́ yẹn ní òun fẹ́ gbé ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ Ìyálọ́jà níyàwó. Wọ́n pòṣé. "Ẹni tó ń lọ kú!" Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún gbé ìwé náà, ibi tí Ẹlẹ́ṣin ti ń sọ̀tàn ẹyẹ tó ń ké pé kì í ṣe èmi, tí ikú kanlẹ̀kùn, tí àgbẹ̀ ní kì í ṣe òun, tó ń ta ìka yí orí ká. Ohùn Ọdúnladé ni mo fi kà á, ìwé tó ti ń yọ mí lẹ́nu látọjọ́ yìí, ó wá ń ṣàn geere.

Ẹ má dá mi lóhùn síbẹ̀, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: Half of a Yellow Sun ńkọ́? Ó dáa, òótọ́ ni. Bandele yìí kan náà ló ṣe é ní 2013. Nínú ìwé Adichie, ìtàn á fò síwájú sígbà ogun Bìáfúrà, á tún padà sẹ́yìn, wọ́n ń fi ọmọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Baby hàn yín, ẹ ò mọ ẹni tó bí i, ẹ ó máa ronú lórí ẹ̀ fún ojú ìwé rẹpẹtẹ. Fíìmù to ìtàn náà tẹ̀léra, àṣírí bá tú kó tó pẹ́. Ugwu tí ìwé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, a ò fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọkàn ẹ̀ nínú fíìmù. Èyí nìkan ni mo gbà pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.

Fágúnwà ńkọ́? Àbúrò mi ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà ṣe Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Èmi ò retí ẹ̀ o, Agbákò tèmi tó wà nínú orí mi ti tó mi í sá fún.

Àwọn tó kàn lórí lísìtì mi: mo ti wo Maami, mo ti wo The Narrow Path, Kèlání ló ṣe méjèèjì. Ìwé Fẹ́mi Òṣófisan tí wọ́n ti yọ Maami ti wà lọ́nà. The Virgin tí Báyọ̀ Adébọ̀wálé kọ, tó di The Narrow Path, ni mi ò tíì rí rà. Tẹ́ni kẹ́ni bá ní in ní Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Mọ̀pà tàbí Ìyàrá, kó jọ̀ọ́ yá mi, n ó dá a padà, n kì í ká etí ìwé.