Káàdì Charles Tripp dé lónìí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo ti ń retí káàdì fótò tí Charles Tripp kọ orúkọ ara ẹ̀ sí yìí, àárọ̀ yìí ni mo bá a nínú àpótí lẹ́tà. Ẹni tó tà á fún mi ò fi páálí tì í lẹ́yìn, inú ẹnfílóòpù lásán ló kàn jù ú sí, igun kan sì ti ká, ó dùn mí o, káàdì tó ti lé ní 100 ọdún, ìgbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ló wá lọ ká. Àmọ́ kò kan ibi tó kọ orúkọ sí. Mo dúpẹ́.

1855 ni wọ́n bí Charles Tripp ní Woodstock, ní Ontario, ní Kánádà, kò sì lápá látinú ìyá ẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ ló fi ń jẹun, òun ló fi ń kọ̀wé, òun náà ló fi ń ṣe káfíńtà, ó bá Barnum, ọ̀gá sákọ́ọ̀sì, ṣiṣẹ́, ó sì bá sákọ́ọ̀sì rìn káàkiri. Nínú fótò yìí ó wọ kóòtù, ó jókòó sórí àga, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di ife tíì mú jẹ́ẹ́ bí ẹni tó gbàlejò.

Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. AZO, orúkọ bébà fótò kan, ló wà níbi tí wọ́n ń lẹ sítáǹpù mọ́, àmì onígun mẹ́ta mẹ́rin tó kọjú sókè, ìyẹn ni pé láàárín 1904 sí 1918 ni wọ́n ṣe bébà ẹ̀. Mo wá gbé e síbi wíńdò, mo dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, torí tó bá jẹ́ pé ara fótò ni wọ́n tẹ orúkọ yẹn mọ́, pẹlẹbẹ ló máa rí, àmọ́ íńkì gidi nìyí, ó ń dán, ibi tó ti tẹ kálàmù mọ́lẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ. Mo jókòó, mo kàn ń wò ó.

Àwa máa ń ní kéèyàn fọwọ́ síwèé. Kí la fẹ́ pe ti ọkùnrin yìí? Mo rò ó títí, èmi ò rí ọ̀rọ̀ míì, ó fọwọ́ síwèé náà ni, ọwọ́ ẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn.

Ìyàwó mi bi mí léèkan pé, “Dádì Tómi, àwọn tí wọ́n sọ di ìran wò yìí náà lẹ ń fowó rà?” Mi ò bínú, ìyá àgbà tó tọ́ mi kì í jẹ́ ká wo arọ tàbí abuké lẹ́ẹ̀mejì, ẹni òrìṣà ni wọ́n, iṣẹ́ Ọbàtálá ni. Àmọ́ ọ̀gá sákọ́ọ̀sì ló ń kọ ohun tó wà lára pósítà, irọ́ sì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní inú igbó Áfíríkà ni wọ́n ti mú William Henry Johnson, òṣèré sákọ́ọ̀sì míì tí wọ́n ń pè ní Zip, bẹ́ẹ̀ New Jersey ni wọ́n bí i sí. Káàdì yìí yàtọ̀, àwọn òṣèré fúnra wọn ni wọ́n sábà máa ń tà á nígbà náà, owó ẹ̀ ń wọ àpò wọn, orúkọ tí wọ́n kọ sí i ò sì tẹnu ọ̀gá kankan jáde. Ìdí tí mo fi ń wá èyí tí wọ́n fọwọ́ sí nìyẹn, mi ò kì í ra èyí tí ò ní.

Mo ti fi í sáàárín bébà funfun méjì, mo gbé Bíbélì ńlá lé e. Tó bá dọ̀la màá wo igun yẹn.