Bàbá Ìbejì àti Mọ́ọ̀tì Inú Búùtù

Ẹni tó ti lo ọdún kan péré ní Winnipeg, ìlú olótùútù kan ní Kánádà, ló léwu jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń bẹ̀rù, ohun gbogbo ló máa ń bi èèyàn. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ ti mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó la òtútù ọdún kan kọjá tí kò kú, á gbà pé òun àti òtútù ti mulẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Ìbejì.

Lálẹ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kìíní, ó ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé tílẹ̀ bá mọ́, The Forks yá, níbi tí odò Red àti odò Assiniboine ti pàdé, láti lọ fi bàtà abẹ yọ̀ lórí omi tó ti dì. Rédíò ti ń pariwo pé -33 ni àárọ̀ Sátidé máa jẹ́, pé atẹ́gùn á sì sọ ọ́ di -44. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Houston bi í lórí fóònù pé -44 ti Sẹ́síọ̀sì ni àbí ti Fárẹ́ńháìtì. Ó ní, "Tó bá ti débẹ̀ yẹn, wọn kì í bèèrè mọ́." Kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́: ní -40 gan-an ni òṣùwọ̀n méjèèjì ti máa ń bára wọn dọ́gba.

Awọ ara èèyàn ni -44 yẹn wà fún o. Bí atẹ́gùn fẹ́ títí dọ̀la, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò lè tutù ju -33 lọ, kìkì pé á tètè débẹ̀ ni. Etí tí wọn ò bò ní tiẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó kó dì.

Ìdí nìyẹn tí aṣọ wíwọ̀ fi jẹ́ iṣẹ́. Ìyá Ìbejì mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé ìtọ̀ ló kọ́kọ́ lé Táíwò lọ, kó tó mú aṣọ kankan. Lẹ́yìn náà ló wọ èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ara fún un, onírun àgùntàn, kì í ṣe kọ́tìnnì, torí kọ́tìnnì máa ń fa òógùn mu, òógùn náà á wá tutù sí ọmọ lára. Súwẹ́tà tẹ̀ lé e, ṣòkòtò yìnyín, bàtà, jákẹ́ẹ̀tì, fìlà, ìbọ̀wọ́ sì kẹ́yìn. Kẹ́hìndé ló bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Ìbejì. Ìbọ̀wọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti wọ ìbọ̀wọ́ kò lè di nǹkan kan mú mọ́, apá jákẹ́ẹ̀tì kò sì gba ìbọ̀wọ́ kọjá, ló bá bọ́ ọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ki ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó ní kó lè móoru, bẹ́ẹ̀ bàtà tó bá ti há ló máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tutù, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn dáadáa, kò sì ní sí àyè fún ooru nínú bàtà. Ìyá Ìbejì yọ méjì kúrò, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fa síìpù ìkẹyìn dé ọrùn, Kẹ́hìndé gbójú sókè.

"Dádì, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Aago mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó jáde. Bàbá Ìbejì ò bínú rárá, torí ó ti ṣe ohun tí kò ṣe lọ́dún àkọ́kọ́: ó ti so ọkọ̀ mọ́ iná láti àná. Ẹni tí kò bá mọ agbègbè yẹn á rí wáyà tó yọ orí níwájú ọkọ̀ bí ahọ́n ajá, á rò pé nǹkan ló bàjẹ́. Block heater ni. Ó máa ń mú omi inú ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó fún un. Gbogbo òru kàn ń mú owó iná lọ sókè ni. Iwájú ibi ìgbọ́kọ̀sí kọ̀ọ̀kan ni òpó kékeré kan wà tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú yìnyín tó ti bo gbogbo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ìtẹ́ òkìtì, Bàbá Ìbejì ti fa wáyà aláwọ̀ ọsàn láti ara òpó, ó ti wá ahọ́n ajá náà kàn, ó ti kì í bọ̀ ọ́, ó ti wọlé lọ sùn bí ọba.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ní "hùn-ùn". Ó tún un yí, ó ní "hùn". Ẹ̀ẹ̀kẹta, "tíkì-tíkì-tíkì-tíkì", gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́jú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn ni pé agbára bátìrì ti dín ju ìdajì lọ nítorí òtútù, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì sì ti ki bí oyin, agbára tí wọ́n nílò láti yí i wá pọ̀ ju ti ìgbà ooru lọ. Àfi bí ìgbà tí wọ́n dín owó oṣù èèyàn kù tí ẹrù ẹbí ń pọ̀ sí i.

"Ṣebí ẹ ní ẹ ti so ó mọ́ iná, Bàbá Ìbejì?"

"Mo so ó! Èmi tí mo wa ọkọ̀ fún ogún ọdún n'Íbàdàn?"

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè Ìbàdàn. Ó kàn ní òun ní wáyà búùsìtì nínú búùtù, èyí tí wọ́n fi ń fa iná láti ara bátìrì ọkọ̀ mìíràn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ láti lè fi ìka fa ọwọ́ búùtù, irin dì mọ́ ọn níka, ó sì já a gbà pẹ̀lú ariwo tí àwọn ọmọ ṣì ń sín jẹ dòní. Búùtù ṣí.

Láti ọjọ́rú ni páálí mọ́ọ̀tì kan ti wà nínú rẹ̀, agolo mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n rà fún ìsọmọlórúkọ kan tí wọ́n sún síwájú. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i, tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, agolo kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀. Ìdí agolo ti kọ́kọ́ yọ gọngọ, orí ti wú, wọ́n wá bú. Mọ́ọ̀tì ti tú jáde bí ìdin dúdú, ó fọ́n sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì dì mọ́ ibẹ̀. Nínú rẹ̀ gangan, bí ẹja inú ọbẹ̀ tó ti sùn, ni wáyà búùsìtì wà. Bàbá Ìbejì fà á. Gbogbo kápẹ́ẹ̀tì búùtù bá a dìde.

Táíwò ti ń ṣẹ́ mọ́ọ̀tì lá.

Nígbà náà ni bàbá òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn jáde, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ti Bàbá Ìbejì: ilé iṣẹ́ kan náà, àwọ̀ fàdákà kan náà. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ ta bí ẹṣin. Ó yà á lẹ́nu fúnra rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ yí i wá kí imú ọkọ̀ méjèèjì lè kọjú síra, wáyà ọsàn kan fà gbọọrọ láti ara òpó, ó nà, ó já. Bàbá àgbà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé orí wáyà náà dání, ó wò ó, ó wo Bàbá Ìbejì.

"Ta ló ni èyí?"

Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni Bàbá Ìbejì ti ń fi iná ara rẹ̀ mú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ móoru.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi dì sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Àmọ́ ó mọ iṣẹ́. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ẹ̀gbẹ́ bátìrì bóyá ó wú. Bátìrì tó bá ti kú tán lè dì, bí ikùn rẹ̀ bá sì ti rí bí ti agolo mọ́ọ̀tì yẹn, wọn kì í búùsìtì rẹ̀, ó lè bú mọ́ èèyàn lójú. Èyí kò wú. Wáyà pupa lọ sórí àmì àròpọ̀ bátìrì tó kú, ìdí kejì sórí àmì àròpọ̀ èyí tó yè. Dúdú lọ sórí àmì ìyọkúrò èyí tó yè, ìdí kejì rẹ̀ sì lọ sára irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, irin tí kò ní ọ̀dà, jìnnà sí bátìrì tó kú. Ibẹ̀ yẹn ni Bàbá Ìbejì ti fẹ́ gbé e lé bátìrì, tí bàbá gbá a lọ́wọ́: iná tó bá ta pàrà níbẹ̀ lè bá gáàsì bátìrì pàdé. Wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ tó yè ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ Bàbá Ìbejì ní "hùn-ùn", ó húkọ́, ó dìde. Wọ́n tú wáyà láti ẹ̀yìn wá síwájú, dúdú ara irin ló kọ́kọ́ kúrò.

Bí wọ́n ṣe jáde sí títì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, "gbì-gbì-gbì-gbì". Bàbá Ìbejì bọ́ọ́lẹ̀, ó ní táyà ti jò. Kò jò. Táyà tó bá ti dúró lójú kan nínú irú òtútù yẹn máa ń tẹ́ nísàlẹ̀, á tó ìrìn díẹ̀ kó tó padà yípo. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bọ́ọ́lẹ̀ kó tó gbà.

Wọ́n débi odò náà láago kan. Bí ìṣẹ́jú ogún ni wọ́n lò níbẹ̀.

Wọ́n kó agolo kúrò nínú búùtù, wọ́n fi ṣọ́bìrì kékeré ha mọ́ọ̀tì tó ṣe é ha. Èyí tó ti wọ inú kápẹ́ẹ̀tì dúró síbẹ̀, ó dì, kò rùn, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, títí oòrùn oṣù Kẹrin fi tú u sílẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù yẹn ni wọ́n gbé Pásítọ̀ lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo inú ọkọ̀ ń rùn bí ilé onísẹ̀kẹ̀tẹ́. Pásítọ̀ fi imú fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á, ó rọra sọ gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ kalẹ̀.

"Mọ́ọ̀tì ni o, sà," Ìyá Ìbejì wí láti ẹ̀yìn.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé, mà," Pásítọ̀ dáhùn. "A ó máa rántí yín nínú àdúrà."